LÁTI ILẸ̀ ÌBÀRÀPÁ DÉ ERÉKÙṢÙ ÈKÓ

Kí àkùkọ tó kọ lẹ́ẹ̀kejì ni ará Èrúwà tí ó ń lọ sí Èkó ti máa ń di ẹrù rẹ̀ tán. Bí ó bá jẹ́ oníṣòwò gàárì, ó ti rán ẹnu àpò rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ ìyá tí ó ń lọ wo ọmọ, ó ti di ẹ̀gúsí àti láfún sínú agbọ̀n, ó sì ti bá àwọn ará ilé gbàdúrà. Ìlú tí wọ́n ń lọ kò jìnnà tó bí ẹnu ti ń sọ ọ́. Ẹyẹ tí ó bá fò tààrà láti Igbó-Ọrà sí ìhà gúúsù kò ní fò tó 80 máìlì kí ó tó rí òkun. Ṣùgbọ́n ènìyàn kì í ṣe ẹyẹ. Bí Èkó tilẹ̀ ti tàn kálẹ̀ lónìí títí dé Agége àti Ìkòròdú, Èkó àkọ́kọ́, èyí tí ààfin ọba wà nínú rẹ̀, erékùṣù ni. Omi ọ̀sà ni ó yí i ká, òkun sì wà níwájú rẹ̀. Nítorí èyí, láti ayébáyé, ẹni tí ó bá ti ilẹ̀ Ìbàràpá wá kò lè fi ohun kan ṣoṣo rìn dé ibẹ̀. Yóò gùn, yóò sọ̀, yóò tún gùn. Ẹrù rẹ̀ yóò ti orí ẹnìkan bọ́ sí orí ẹlòmíràn. Níbi tí a ti ń pààrọ̀ ọkọ̀ wọ̀nyí ni owó èrò àti ọjọ́ rẹ̀ ti ń tán, ju bí wọ́n ti ń tán lójú ọ̀nà gan-an lọ.

Ìlú méje ni a ń kà sí Ìbàràpá: Igbó-Ọrà, Èrúwà, Lánlátẹ̀, Ìdèrè, Tápà, Ayétẹ̀ àti Ìgàngàn. Nínú méjèèje, kò sí ọ̀kan tí fèrè ọkọ̀ ojú irin ti dún láàrin rẹ̀ rí. Lẹ́ẹ̀mejì ni a ti la ọ̀nà irin láti Èkó lọ sí Ìbàdàn, àkọ́kọ́ nígbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, èkejì lójú àwa tí a wà láyé yìí. Lẹ́ẹ̀mejèèjì sì ni irin náà gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ yìí kọjá láìyà.

Kí irin tó dé, ẹsẹ̀ àti ọkọ̀ igi ni ó wà. Nínú àwọn tí ó fi wọ́n rìn láti ìhà òkè dé erékùṣù náà, ẹni tí ìtàn rẹ̀ hàn jù lọ nínú ìwé ni Samuel Ajayi Crowther. Òṣoògùn ni ìlú rẹ̀, ní ìhà Ìṣẹ́yìn, lókè ilẹ̀ Ìbàràpá. Ọmọdékùnrin ni nígbà tí ogun kó o ní 1821. A tà á láti ọwọ́ kan dé ọwọ́ kejì, ó sì ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ìsàlẹ̀, títí ó fi dé Ìkòsí li etí omi ńlá. Nínú ìtàn tí òun tìkára rẹ̀ kọ lẹ́yìn náà, ó jẹ́wọ́ pé kò sí ohun tí ó dẹ́rù ba òun tó omi náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ láti wọ inú rẹ̀. Gbígbé ni a gbé e sínú ọkọ̀, ó sì fi ara pamọ́ sáàrin àwọn àpò àgbàdo, bí ẹni pé òun náà jẹ́ ọ̀kan nínú ẹrù. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe dé Èkó. Li ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin 1822 ni a kó o sínú ọkọ̀ òkun àwọn Potogí. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbà á sílẹ̀, ó sì di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Àwọn tí a kó gba ọ̀nà kan náà tí a kò sì kọ orúkọ wọn sínú ìwé kankan, ta ni yóò kà wọ́n tán?

Lẹ́yìn tí òwò ẹrú dópin, ọ̀nà náà di ọ̀nà ọjà. Àwọn oníṣòwò ń ru ẹrù wọn wá sí Abẹ́òkúta, nítorí pé odò Ògùn kọjá níbẹ̀. Ní ìgbà òjò, tí odò bá kún, ọkọ̀ igi lè ti Arò li Abẹ́òkúta sọ̀ kalẹ̀ títí dé inú ọ̀sà. Ní ìgbà ẹ̀rùn, omi á fà, iyanrìn á yọ, àwọn atukọ̀ á sì máa fi ọ̀pá ti ọkọ̀ ju bí wọ́n ti ń fi àjẹ̀ wà á lọ. Àgbẹ̀ tí ó bá kórè li àkókò tí odò gbẹ kò ní ohun tí ó lè ṣe ju kí ó dúró, tàbí kí ó tà á ní iye tí wọ́n bá fi bẹ̀ ẹ́.

Ní 1896 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Ìdó. Ìdó pàápàá jẹ́ erékùṣù kékeré láàrin Èbúté-Mẹ́ta àti Èkó. Irin náà gba Ọ̀tà, ó gba Abẹ́òkúta, tí ó fi ìwọ̀n 60 máìlì jìnnà sí Èkó, ó sì dé Ìbàdàn ní 1900. Ní 1901 ni a ṣí i fún gbogbo ènìyàn. Láàrin Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn ni ó ti gba Olókemèjì, níbi tí òkè méjì gbé dúró lẹ́bàá odò Ògùn, tí ìjọba sì ti ya igbó ọba sọ́tọ̀ láti 1899. Olókemèjì yìí ni ibi tí ojú irin súnmọ́ ará Èrúwà àti Lánlátẹ̀ jù lọ. Ẹni tí ó bá jáde lówùúrọ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí lè fi ẹsẹ̀ dé ibẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Ní ti ará Igbó-Ọrà àti Ìdèrè, ọ̀nà Abẹ́òkúta ni ó yá fún wọn jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrìn náà ju 20 máìlì lọ.

Ohun tí ó ń pa èrò lára lójú ọ̀nà ẹsẹ̀ wọ̀nyí kì í ṣe àárẹ̀ nìkan. Òùngbẹ á gbẹ wọ́n, wọn á sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ mu omi adágún. Kòkòrò kékeré kan wà nínú irú omi bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò fi bẹ́ẹ̀ rí, òun ni ó sì ń gbé ọmọ sọ̀bìà wọ inú ènìyàn. Kò sí ìrora li ọjọ́ náà, kò sí li oṣù náà. Ó di ìwọ̀n ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ kí sọ̀bìà tó la awọ ẹsẹ̀ jáde, àkókò náà a sì máa bọ́ sí ìgbà iṣẹ́ oko. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó rìn dé Èkó li èṣí ṣe lè máà lè rìn dé oko rẹ̀ li ọdún yìí. Ìyà yìí pọ̀ ní Ìdèrè tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn oníṣègùn láti Yunifásítì Ìbàdàn fi ń lọ síbẹ̀ ṣe ìwádìí ní àwọn ọdún 1980. Aṣọ tí ojú rẹ̀ há, tí a fi ń sẹ́ omi kí a tó mu ún, àti kànga tí ó mọ́, ni ó lé e lọ. Li ọdún 2008 ni a rí ẹni tí ó ní i kẹ́yìn ní gbogbo Nàìjíríà, ní 2013 sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ọwọ́ sí i pé ó ti tán ní ilẹ̀ yìí. Síbẹ̀, kí arìnrìn-àjò má tìtorí èyí padà sí omi adágún; àrùn mìíràn kò tíì kúrò nínú rẹ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin bá dúró ní Ìdó, àlejò tí kò mọ̀ yóò rò pé òun ti dé. Kò tíì dé. Omi ṣì wà láàrin òun àti Èkó. Ojú irin ti dé Abẹ́òkúta kí afárá Ìdó tó parí, nítorí náà li àkókò kúkúrú yẹn, ẹni tí ó fi ọkọ̀ irin wá láti òkè ní láti tún wọ ọkọ̀ omi. Ẹ fi ojú inú wo àgbẹ̀ kan láti ìlú tí odò rẹ̀ kò ju ohun tí a ń ká ṣòkòtò là kọjá lọ. Ó ti jókòó láti Abẹ́òkúta nínú ohun tí ń pariwo tí ó sì ń tu èéfín. Etí rẹ̀ ṣì ń hó. Wọ́n wá ní kí ó gbé ẹsẹ̀ sínú ọkọ̀ tí ń mì, kí ó sì kó àpò rẹ̀ sí àárín, kí ó má ṣe dìde. Alábàárù ti gba owó tirẹ̀ ní tẹ́ṣàn. Atukọ̀ ń béèrè tirẹ̀ kí ó tó ti ọkọ̀ kúrò li èbúté. Alábàárù mìíràn sì ń dúró dè é li òdìkejì. Omi náà kò fẹ̀ tó bí owó tí a san lórí rẹ̀.

Afárá Carter ni ó fi òpin sí èyí ní 1901, tí ó so Ìdó mọ́ Èkó. Li ọdún tí ó tẹ̀lé e, ìjọba fi ọkọ̀ irin kékeré kan sí i tí ń ti Ìdó kọjá lórí afárá wọ inú ìlú. Kò pẹ́ láyé tó bí a ti rò: ní 1933 ni a pa á tì. Láti ìgbà náà, fún 90 ọdún, irin kankan kò gbé ènìyàn tàbí ẹrù wọ erékùṣù náà mọ́.

Ọkọ̀ omi kò ti ipa bẹ́ẹ̀ kú. Nígbà tí a ṣí èbúté ọkọ̀ òkun sí Àpápá ní 1926, tí ojú irin sì dé ibẹ̀, férì ń kó èrò láti Àpápá sọdá sí Màrínà. Èkó nìkan kọ́ ni irin àti omi ti pàdé bẹ́ẹ̀. Ní Jẹ́bà, níbi tí odò Ọya ti dí ojú irin lọ́nà, wọ́n ń fi ọkọ̀ omi gbé ọkọ̀ irin fúnra rẹ̀ sọdá, pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ àti ẹrù rẹ̀, títí a fi parí afárá ní 1916. Ní Jẹ́bà, ẹrù kò sọ̀ kalẹ̀. Èrò kò san owó lẹ́ẹ̀mejì. Ìyẹn ni ẹnikẹ́ni kò rò láti ṣe fún àpò gàárì ará Ìbàràpá.

Ojú irin kejì dé ní sáà yìí. Li oṣù Kẹta 2017 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀, li ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà 2021 sì ni a ṣí i. Gígùn rẹ̀ láti Èbúté-Mẹ́ta dé Mọ́níyà ní Ìbàdàn jẹ́ 157 kìlómítà, irin rẹ̀ sì fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Àwọn tẹ́ṣàn rẹ̀ ni Èbúté-Mẹ́ta, Agége, Àgbàdó, Kájọlà, Papalantó, Abẹ́òkúta, Olódò, Omi-Àdìó àti Mọ́níyà. Ẹni tí ó bá ń wá Olókemèjì nínú wọn kò ní rí i. Èrúwà tí ó fi ìrìn ọjọ́ kan súnmọ́ irin àtijọ́ ní láti wọ ọkọ̀ lọ sí Omi-Àdìó tàbí Abẹ́òkúta báyìí kí ó tó rí irin tuntun.

Li oṣù Kẹfà kan náà ni ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ní Ìgàngàn. Li òru ọjọ́ 5 oṣù náà, àwọn agbébọn kọlu ìlú, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì dáná sun ilé, títí kan ààfin ọba. Ọjọ́ márùn-ún péré ni ó wà láàrin òru náà àti ọjọ́ tí a gé rìbọ́ǹ fún ọkọ̀ ojú irin. Ẹ̀rù ọ̀nà tún wá kún ìnáwó ọ̀nà fún àwọn ará ibẹ̀, ẹni tí ó bá sì ti Ìgàngàn tàbí Tápà wá ti rin ìrìn tí ó le jù kí ó tó débi tí a ti ń gba tíkẹ́ẹ̀tì.

Láti Igbó-Ọrà, ọ̀nà ṣì jẹ́ ti Abẹ́òkúta. Ní ìgbà òjò, ihò ojú ọ̀nà a máa kún, awakọ̀ á sì máa yí kiri bí ẹni tí ń wá nǹkan tí ó sọnù. Tẹ́ṣàn tuntun wà ní Ladérin, kì í ṣe ní Láfẹ́nwá tí àwọn àgbà mọ̀. Ẹni tí ó bá sọ̀ ní Láfẹ́nwá ní láti tún wá ọkọ̀ mìíràn. Ó yẹ kí a ti wádìí àkókò ọkọ̀ ojú irin kí a tó kúrò nílé, nítorí kì í dúró de ẹnikẹ́ni, iye ìgbà tí ó sì ń lọ lójúmọ́ kò pọ̀. Bí ènìyàn bá ti wọlé tán, ìrìn náà dára. Ẹ̀rọ amúlétutù wà nínú rẹ̀, àga rẹ̀ kò le, kò sí eruku, oko Ẹ̀gbá sì ń sá lọ lójú fèrèsé. Láàrin àkókò tí ènìyàn lè fi sun oorun ọ̀sán, ó ti rí ilé Agége.

Ṣùgbọ́n àpò gàárì mẹ́wàá kò ní àyè nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Èrò ni a ṣe é fún. Nítorí náà oníṣòwò àti ẹrù rẹ̀ á pín níyà li Abẹ́òkúta, tàbí kí òun náà má tilẹ̀ wọ ojú irin rárá, kí ó jókòó ti ẹrù rẹ̀ nínú ọkọ̀ akẹ́rù li òru, títí dé ọjà Máìlì 12. Níbẹ̀ ni ẹlòmíràn yóò ti rà á lọ́wọ́ rẹ̀, tí yóò sì tún gbé e sọdá. Ilẹ̀ tí ń fi ẹ̀gẹ́, iṣu, ata àti ẹ̀gúsí bọ́ Èkó ni a kọ́ tẹ́ṣàn kọjá lára rẹ̀ láìfi ọ̀kan síbẹ̀. Ìrora èyí kò hàn nínú ìwé ìṣirò, inú iye tí àgbẹ̀ ń rí gbà lórí àpò kan ni ó wà.

Omi ilẹ̀ náà pàápàá sàn ju ènìyàn rẹ̀ lọ ní ti ìrìn. Odò Òfìkì tí ó ń ṣàn ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Ìbàràpá pàdé odò Ọ̀yán, ìsédò Ọ̀yán tí a ṣí ní 1983 sì dá omi wọn dúró, láti ibẹ̀ ni Abẹ́òkúta àti Èkó ti ń rí omi gbà. Kò san owó ọkọ̀, kò sì pààrọ̀ alábàárù.

Ní Èbúté-Mẹ́ta, ọkọ̀ ojú irin dé òpin rẹ̀ lórí ilẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin pupa tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣí ní 2024, tí ń ti Àgbàdó bọ̀, parí ní Òyìngbò nítòsí ibẹ̀. Èyí tí ó kọjá omi ni ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Máìlì 2 dé Màrínà li ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án 2023. Òun ni ó fòpin sí 90 ọdún tí erékùṣù náà fi wà láìrí ọkọ̀ irin. Kò pàdé ti Ìbàdàn. Ará Ìbàràpá tí ó sọ̀ ní Èbúté-Mẹ́ta yóò wọ dáńfó gba orí afárá, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe, tàbí kí ó gba ojú omi bí ibi tí ó ń lọ bá yẹ ẹ́. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: láti Ìkòròdú ọkọ̀ omi ń lọ sí Èbúté-Èrò àti Màrínà, láti Àpápá ọkọ̀ ń sọdá sí Màrínà, àwọn erékùṣù kan sì wà níwájú, bíi Tákwá Bé, tí kò sí afárá tí ó dé ọ̀dọ̀ wọn rárá.

Fún ẹni tí kò bá omi dàgbà, ọ̀rọ̀ díẹ̀ tó. Àjọ tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ ní 2008 láti máa ṣe àkóso ojú omi ti sọ ọ́ di dandan pé kí olúkúlùkù èrò wọ ẹ̀wù tí í mú ni léfòó, ó sì lòdì sí kí ọkọ̀ máa kó èrò li òru. Kí a wọ̀ ọ́ kí ọkọ̀ tó kúrò li èbúté, kí a sì so okùn rẹ̀ pinpin. Èyí tí a kàn fi kọ́ apá yóò bọ́ nígbà tí a bá ń wá a. Ọmọ kékeré ní láti ní èyí tí ó bá a mu. Bí ọkọ̀ bá ti kún, kí a dúró de èkejì, bí atukọ̀ tilẹ̀ ń pe ni tìfẹ́tìfẹ́. Kí a má dìde láti wo nǹkan. Ní ìgbà òjò, nígbà tí omi odò Ògùn bá ya wọ inú ọ̀sà, ewéko kan á bo ojú omi lọ bẹẹrẹ. Ìhà Bàdágírì ni ó ti kọ́kọ́ wọ ilẹ̀ wa ní 1984. Ó máa ń wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀, ọkọ̀ á sì dúró láàrin omi. Nígbà bẹ́ẹ̀, kí èrò jókòó jẹ́ẹ́, kí wọ́n jẹ́ kí atukọ̀ tú u. Ní ìgbà ẹ̀rùn, omi iyọ̀ láti inú òkun a máa wọlé, a sì pa ewéko náà.

Èbúté-Èrò ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀nà wọ̀nyí ti ń pàdé lórí erékùṣù náà, orúkọ rẹ̀ sì sọ iṣẹ́ tí ó ti ń ṣe kí a tó bí baba ẹnikẹ́ni tí ó wà láyé. Níbẹ̀ ni gàárì ti kúrò nínú àpò tí ó bọ́ sínú ọpọ́n, tí a sì ń fi agolo wọ̀n ọ́n fún àwọn obìnrin tí kò béèrè bóyá Èrúwà tàbí Lánlátẹ̀ ni ó ti wá. Nígbà tí ọjà bá tú, ìyá tí ó ti òkè wá á ká àwọn àpò òfìfo rẹ̀ jọ, á fi wọ́n sábẹ́ apá, á ka owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, á sì béèrè lọ́wọ́ ọmọ alábàárù kan pé, “Ọmọ mi, èló ni wọ́n ń gbà dé Òyìngbò?”